Iná Tí A Kì Í Fojú Lásán Wò

"Kò sẹ́ni tí í fi ojú lásán wo iná yìí," ni Bọ̀dá Jímọ̀ wí, bó ti na ìbòjú onídígí dúdú sí Jemimah. Iṣẹ́ jórinjórin ló ń ṣe nínú ìlú Ọ̀wọ̀. "Bí mo bá ti fi ọ̀pá kan irin, ẹ bo ojú yín. Ṣé ẹ gbọ́?"

"A gbọ́, sà," Jemimah àti Dominic dáhùn pọ̀ bí akọrin ṣọ́ọ̀ṣì.

Wọn ò gbọ́.

Kíláàsì kan náà ni àwọn méjèèjì wà, àwọn sì ni iléèwé yàn fún ìdíje sáyẹ́ǹsì tí yóò wáyé ní Àkúrẹ́ lọ́jọ́ kejì. Wọ́n ti fi kọ̀ǹpútà ya àwòrán bí iná jórinjórin ṣe ń fò láti ẹnu ọ̀pá bọ́ sára irin, àti bí iná náà ṣe ń padà jẹ ọ̀pá tó bí i. Ohun kan ló kù tí kọ̀ǹpútà ń bèèrè: báwo ni àlàfo àárín ọ̀pá àti irin ṣe fẹ̀ tó? Àǹtí Monísọ́lá, tísà físíìsì wọn, ní kí wọ́n lo iye tó wà nínú ìwé. Jemimah ní rárá, iye tí òun bá fojú ara òun rí lòun fẹ́. Ipò kìíní ló ń wá.

Iná funfun bẹ́. Láti ẹ̀yìn dígí dúdú, ìmọ́lẹ̀ bíńtín bíi tanátaná ni Jemimah ń rí. Kò rí àlàfo kankan.

"Ẹ̀rù ń bà ọ́ ni," Dominic sọ sí i létí. Awò oòrùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lòun fi bojú, ó rò pé ó ti tó. "Àbí iná ò tíì dé Upenmen, abúlé yín?"

Ọ̀rọ̀ náà ta Jemimah lára. Ó ṣí ìbòjú sókè, ó wo iná náà tààrà. Ó tún wò ó. Ó tún un wò títí ó fi dá a lójú pé òun rí àlàfo náà, ó sì fi iye rẹ̀ ránṣẹ́ sí Àǹtí Monísọ́lá lórí fóònù.

Kò sí nǹkan kan tó ṣe é. Ó tilẹ̀ rẹ́rìn-ín délé. Àwọn àgbàlagbà yìí mà ń dẹ́rù ba èèyàn lásán.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ó dà bí ẹni pé wọ́n bu iyanrìn àti ata gígún sí i lójú. Omi ń dà. Ìpéǹpéjú kọ̀ láti ṣí. Wọ́n ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ẹni tó pa òwe yẹn kò tíì wo iná jórinjórin. Ó na ọwọ́ síwájú, ògiri ló bá. Mo ti fọ́jú, ló ń sọ nínú ara rẹ̀. Mo ti fọ́jú.

"Jemimah, o ò wá jẹun?" ìyá rẹ̀ pè láti pálọ̀.

Bó bá jẹ́wọ́, ìrìn Àkúrẹ́ ti bàjẹ́ nìyẹn. Bí kò bá jẹ́wọ́, ojú ńkọ́? "Mo ń kàwé, mà," ló fi dáhùn.

Ó fẹ́ fi oorun lé ìrora náà lọ nígbà tó gbọ́ ohùn Dominic, ọmọ ilé kejì, ní pálọ̀: "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà." Ó tún wí pé: "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà. Ṣé inú ń bí yín ni?"

"Dominic," ìyá Jemimah sọ láti ẹ̀yìn rẹ̀, "fíríìjì lò ń dọ̀bálẹ̀ fún."

Jemimah fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹkún ló jáde. Bí ti Dominic bá rí báyìí, a jẹ́ pé òótọ́ ni. Ó fọwọ́ tọ ògiri jáde. "Mọ́mì, mi ò ríran."

Ìyá rẹ̀ kò pariwo, kò na ẹnikẹ́ni. Ìyẹn ló wá dẹ́rù bà wọ́n jù. Ó kàn di àwọn méjèèjì lọ́wọ́ mú wọnú ọkọ̀, ó gbé wọn lọ sí ọsibítù.

"Iná yẹn ti jó ojú wọn, bí oòrùn ṣe ń jó ara," ni dókítà wí. "Ó sábà máa ń san bí wọn ò bá fọwọ́ ra á. Ṣùgbọ́n mi ò lè búra títí n ó fi tú báńdéèjì tí a ó fi dì wọ́n lójú."

Wọ́n fi báńdéèjì dì wọ́n lójú. Jemimah jókòó sínú òkùnkùn, ó ń gbọ́ kíkọ àkùkọ, kò mọ̀ bóyá ilẹ̀ ti mọ́. Bọ́ọ̀sì Àkúrẹ́ gbéra láìsí wọn.

Àǹtí Monísọ́lá wá wò wọ́n. "Mo fi iye rẹ sínú kọ̀ǹpútà," ó ní. "Ṣé o mọ ohun tó ṣẹlẹ̀? Iná inú àwòrán kú. Àlàfo tí o sọ ti fẹ̀ jù, iná yẹn ò lè fò ó. Ojú tí ìmọ́lẹ̀ ti pa kò lè wọn nǹkan, Jemimah. Ẹ ò ṣe gbé fóònù sẹ́yìn dígí dúdú, kí ẹ fi ya á?"

Jemimah fa aṣọ ìbora bo orí.

Nígbà tí dókítà tú báńdéèjì, Jemimah di ojú pa. Ẹ̀rù ń bà á láti mọ̀.

"Là á."

Ó la ọ̀kan. Òkùnkùn. Ó figbe ta.

"Àtẹ́lẹwọ́ mi lò ń wò," dókítà wí, ó sì gbé ọwọ́ kúrò. Ìmọ́lẹ̀ wọlé, lẹ́yìn náà ojú ìyá rẹ̀, tó ti wú fún ẹkún. Lórí bẹ́ẹ̀dì kejì, Dominic náà ń ṣẹ́jú bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Bí ọ̀ràn bá ti ṣẹlẹ̀, ẹ má fi pamọ́ fún ẹni tó lè gbà yín là. Ẹni tó bá sì ń pè yín ní ojo nítorí pé ẹ gbọ́ ìkìlọ̀, méjì péré ni ojú òun náà. Kò ní èyí tí yóò yá yín.