Káàdì Tó Wà Lórí Pẹpẹ

Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni Israfil kọ́kọ́ rí kó tó rí ojú rẹ̀. Ẹsẹ̀ lásán ni, eruku ti bò ó, ó ń gbé ọ̀tún, ó ń sọ òsì, lórí sìmẹ́ńtì tí oòrùn oṣù Kejì ti ń yan láti àárọ̀. Sùtánà funfun ló wà lọ́rùn ọmọbìnrin náà. Ó di ọwọ́ bàbá arúgbó kan mú, sùtánà lòun náà wọ̀, òun náà kò sì wọ bàtà. Wọ́n wà lórí ìlà níwájú yàrá káàdì ilé ìwòsàn ńlá kan ní Ògbómọ̀ṣọ́, ìlà ọ̀hún kò sì sún.

Akọ̀wé káàdì ni Israfil, ọmọ Ọjà Igbó. Ọdún kẹfà rẹ̀ nìyẹn lẹ́yìn fèrèsé yẹn, ojú rẹ̀ sì ti le díẹ̀, bí ojú àwọn tó ń rí aláìsàn lójoojúmọ́ ṣe máa ń le. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, ẹ gbà mí gbọ́, ó dìde láìmọ̀ pé òun dìde. Ó fa ẹní ìkírun rẹ̀ yọ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó jáde, ó tẹ́ ẹ síwájú ọmọbìnrin náà.

"Ẹ dúró sórí rẹ̀, ẹ̀yin àti bàbá."

Ọmọbìnrin náà wo ẹní, ó wo Israfil. "Ẹní ìkírun mà ni. Ṣé kò léèwọ̀ ni?"

"Bàtà ni a kì í wọ̀ gun orí rẹ̀. Ẹ̀yin ò sì wọ bàtà."

Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò pẹ́, torí ẹni tí bàbá rẹ̀ ń fọ́jú lọ kì í rí ẹ̀rín rín títí. Ṣùgbọ́n Israfil ti rí i, ó sì ti tó o.

Ìmísí lorúkọ rẹ̀. Télọ̀ ni ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, nílùú Ọ̀yọ́, sùtánà ló ń rán fún àwọn ìjọ Àládùúrà. Ìyá rẹ̀ ti kú. Bàbá rẹ̀, Àpọ́sítélì Ọlọ́runṣògo, ni olórí ìjọ kékeré kan tó wà lẹ́yìn ilé wọn, wọn kì í sì í wọ bàtà bí sùtánà bá ti wà lọ́rùn wọn. Jímọ̀ nìkan ni dókítà ojú ń gba aláìsàn ní Ògbómọ̀ṣọ́. Jímọ̀ kan náà ni Àpọ́sítélì ń ṣe ìsìn àánú, láti aago mẹ́sàn-án títí ọ̀sán fi ń pọ́n. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti fún un lọ́jọ́, ẹ̀ẹ̀mẹta ló ní òun ò lè fi agbo Olúwa sílẹ̀. Ìgbà tó forí sọ òpó ṣọ́ọ̀ṣì lọ́sàn-án gangan ni Ìmísí fi igbe bọnu, tó sì fà á wọ mọ́tò tipátipá.

Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó fún un ní oògùn ìkánsójú, ó ní kí wọ́n padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin.

"Tí ẹ bá délé," ni Israfil wí, "ẹ pè mí, kí n lè mọ̀ pé bàbá dé láyọ̀."

"Ṣé gbogbo aláìsàn lẹ máa ń sọ bẹ́ẹ̀ fún?"

"Rárá o. Àwọn tó bá dúró lórí ẹní mi nìkan ni."

Ó pè é. Kí ni mo tún fẹ́ máa sọ? Ẹni tó bá ti fẹ́ràn èèyàn rí mọ bó ṣe ń lọ. Bí Israfil bá ti kí Àlàásárì tán lójoojúmọ́, yóò pe Ọ̀yọ́. Yóò kọ́kọ́ béèrè ojú bàbá, yóò wá béèrè ohun tí Ìmísí jẹ.

"Akọ̀wé káàdì, ṣé o ò níṣẹ́ ni?"

"Iṣẹ́ tí mò ń ṣe nìyí. Àbẹ̀kẹ́, má purọ́ fún mi, ṣé o ti jẹun?"

Ọjọ́ tó kọ́kọ́ pè é ní Àbẹ̀kẹ́, Ìmísí dá ẹ̀rọ ìránṣọ dúró. Láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti lọ, kò sẹ́ni tó ki oríkì rẹ̀ mọ́. Ó fi etí sùtánà tó ń rán nu ojú rẹ̀, ó sì ní kí Israfil tún pè é lẹ́ẹ̀kan sí i.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin pé, dókítà kò fi bọpo bọyọ̀. Àrùn tó ń jí ojú kó díẹ̀díẹ̀ láìdunni ni. Ti ọ̀tún ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán, kò sì sí ohun tó lè dá a padà. Ti òsì, iṣẹ́ abẹ lè dáàbò bo ìyókù rẹ̀, bí wọn kò bá fi falẹ̀. Israfil ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ náà sínú káàdì, Jímọ̀ kan nínú oṣù Kẹrin. Ìmísí ti lọ ra oògùn nígbà náà. Bàbá ló gba káàdì, ó tì í bọ àpò sùtánà, Ìmísí sì ní bí àwọn bá délé òun á wò ó.

Ọjọ́ yẹn gan-an ni Israfil bá wọn wọ mọ́tò lọ sí Ọ̀yọ́. Ìyá rẹ̀ ti sọ fún un ní Ọjà Igbó pé, "Ọmọ Àládùúrà? Èmi ò kọ̀ o. Ẹ̀sìn wa ò ní kó o má fẹ́ ẹ. Àmọ́, ṣé bàbá tiẹ̀ ò ní kọ̀?" Ìyá náà mọ ayé.

Israfil dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú pálọ̀ Àpọ́sítélì, ó sọ ohun tó gbé e wá, pé òun fẹ́ fẹ́ Ìmísí. Bàbá ní kó dìde.

"Israfil, o ṣeun fún oore tó o ṣe fún mi. Ọlọ́run á san án fún ọ. Ṣùgbọ́n ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí." Ó gbé ọwọ́ lé ojú rẹ̀, ọ̀tún àti òsì. "Ojú mi méjèèjì yìí kò ní rí ọjọ́ tí Ìmísí yóò fẹ́ ìmàle."

"Bàbá!" ni Ìmísí ké.

Ìbúra ti jáde. Àpọ́sítélì fọwọ́ wá ògiri títí ó fi dé iwájú pẹpẹ ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn ilé, ó yọ káàdì ilé ìwòsàn lápò, ó fi lélẹ̀ níbẹ̀, ó gbé ìgò omi àdúrà lé e lórí. Ó jẹ́ ẹ̀jẹ́ ogójì ọjọ́: kí Olúwa la ojú òun, kí ó sì yí ọkàn ọmọ òun padà. Kó tó pé, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ohun tó wà níbẹ̀, Ìmísí kò sì gbọdọ̀ bá ọmọkùnrin náà sọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ ìjọ Àládùúrà lè fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Lẹ́tà ìgbaṣẹ́, ìwé ẹjọ́, fọ́tò ọmọ tó sọnù, gbogbo rẹ̀ ló ń dé orí pẹpẹ, ọ̀pọ̀ ló sì ń padà wá jẹ́rìí. Kì í ṣe pé bàbá gbé káàdì síbẹ̀ ni àṣìṣe rẹ̀. Àṣìṣe rẹ̀ ni pé kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọ́kọ́ ka ọjọ́ tó wà nínú rẹ̀ fún un, torí ojú ń tì í pé òun fúnra òun kò lè kà á mọ́.

Ìmísí gbọ́ràn. Ẹ̀jẹ́ kì í ṣe ohun eré lọ́dọ̀ wọn, ó sì rò ó pé ogójì ọjọ́ á ti pé kí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ tó dé. Bí aago Israfil bá ń dún lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, á tẹ́ ọwọ́ lé e títí á fi dákẹ́. Ó rù. Aṣọ tó ń rán fún ọjọ́ kan tẹ́lẹ̀, ọjọ́ mẹ́ta ló fi ń rán an báyìí. Bàbá kò rí i pé ó rù, torí kò ríran tó bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ karùndínlógójì, Jímọ̀ ni, Ìmísí ń gbá ṣọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ de ìsìn àánú. Ó ṣàkíyèsí pé omi inú ìgò ti fà. Ó tẹjú mọ́ ọn. Ìdí ìgò ti sán, omi ti ń jò díẹ̀díẹ̀, ẹni tí kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kan nǹkan, báwo ló ṣe máa mọ̀? Ó gbàgbé èèwọ̀, ó gbé ìgò kúrò. Káàdì ti rin gbindin. Gbogbo ohun tí Israfil kọ síbẹ̀ ti di omi aró, kò sí lẹ́tà kan tó ṣeé kà. Ìmísí jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú pẹpẹ, ó gbé káàdì sáyà, ó ń sunkún.

Bẹ́ẹ̀ ni mọ́tò kan dúró síta. Israfil ló sọ̀ kalẹ̀. Láàná ni wọ́n ti lẹ orúkọ àwọn tí wọ́n máa ṣe iṣẹ́ abẹ fún mọ́ ara ògiri, gbogbo wọn ló wá fara hàn, àfi Ọlọ́runṣògo láti Ọ̀yọ́. Ó pe Ìmísí títí, kò gbé e. Bí bàbá bá pa ti òní jẹ, oṣù Kẹsàn-án ni àyè tún máa wà. Ojú òsì kò lè dúró de oṣù Kẹsàn-án. Ó yá mọ́tò aládùúgbò, ó kí Àsùbáà, ó sì gbéra.

Bàbá jáde sí wọn, ọ̀pá lọ́wọ́. "Ta ni yẹn?"

"Èmi ni, bàbá, Israfil. Ẹ kú àárọ̀ o. Òní ni ọjọ́ yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká máa lọ."

"Ta ló ní kó o wá?"

"Kò sẹ́ni tó ní kí n wá. Èmi ni mo kọ ọjọ́ yẹn, n kò sì gbàgbé."

"Ẹ̀jẹ́ mi ku ọjọ́ márùn-ún. Ìsìn àánú sì ku wákàtí méjì. Àwọn èèyàn ń bọ̀ láti oko wá gbàdúrà. Ìwọ náà, ṣebí Jímọ̀ rẹ lòní? Ṣé wàá fi tìẹ sílẹ̀ ni?"

"Bó bá gbà bẹ́ẹ̀, màá fi sílẹ̀. Alfa wa kọ́ wa pé ẹni tó ń ṣètọ́jú aláìsàn tí kò sì ráyè lọ Jímọ̀, kó kí Àílà níbi tó bá wà, Ọlọ́run á gbà á." Ohùn rẹ̀ rọ̀. "Ẹ foríjì mí, bàbá. Ṣé Ọlọ́run yín wá le ju tiwa lọ ni?"

Ìmísí wá kúnlẹ̀ síwájú bàbá rẹ̀, ó gbé káàdì tútù náà lé e lọ́wọ́.

"Bàbá, ẹ fọwọ́ kàn án. Omi ti fọ ọjọ́ náà dànù. Èmi ni mo gbé e kúrò níbẹ̀, kí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ wà lọ́rùn mi. Ẹ ní kí n má bá a sọ̀rọ̀, n kò bá a sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá ní kí n má fẹ́ ẹ títí ayé, n kò ní fẹ́ ẹ, ó sì ń gbọ́ mi." Ó sunkún, ó tún gbé ojú sókè. "Ṣùgbọ́n mo nífẹ̀ẹ́ rẹ̀, bàbá, mo sì nífẹ̀ẹ́ yín. Ẹ má fi ojú yín jẹ mí níyà. Ẹ jẹ́ kó gbé yín lọ."

Israfil yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àgbà ọkùnrin náà ń fi àtàǹpàkò ra káàdì náà síwá sẹ́yìn, bí ẹni ń wá nǹkan.

"Ìmísí," ló wí níkẹyìn, "sọ fún Ìyá Ìjọ kó bá mi darí ìsìn òní."

Wọ́n dé Ògbómọ̀ṣọ́ kí aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ tó lù, ṣùgbọ́n àwọn tó tètè dé pọ̀ níwájú wọn. Ọ̀sán ti pọ́n, bàbá ṣì ń dúró lórí àga, aṣọ iṣẹ́ abẹ lọ́rùn rẹ̀, nígbà tí ìpè Jímọ̀ dún láti mọ́sáláṣí ìta.

"Ìpè wọn nìyẹn," ni bàbá wí. "Ṣé ọmọkùnrin yẹn ti lọ?"

"Kò lọ o, bàbá," ni Ìmísí dáhùn. "Ọwọ́ òsì yín wà lọ́wọ́ rẹ̀."

Òótọ́ ni. Bàbá ti rò pé nọ́ọ̀sì ló dì í mú láti àárọ̀. Kò fa ọwọ́ rẹ̀ kúrò. Ìgbà tí wọ́n tì í wọlé tán ni Israfil tó lọ tẹ́ ẹní rẹ̀ sí igun ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó dá Àílà kí níbẹ̀. Ìmísí dúró sí apá kejì, ó bọ́ bàtà tó wọ̀ lọ́jọ́ náà, ó kúnlẹ̀, ó gbàdúrà tirẹ̀. Wọn kò bá ara wọn sọ nǹkan kan. Ẹ̀jẹ́ ṣì ku ọjọ́ márùn-ún.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, nọ́ọ̀sì tú báńdéèjì. Ìkùukùu ni bàbá kọ́kọ́ rí, ó wá rí fèrèsé, ó wá rí ọmọ rẹ̀ tó sún mọ́ ọn gan-an nínú ìmọ́lẹ̀. Ó wò ó fún ìgbà pípẹ́, omi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ìmísí, ṣé o ti rù tó báyìí? Ta ló sì ń bẹ lẹ́nu ọ̀nà yẹn?"

Israfil ni. Kò wọlé, ó ń bọ̀wọ̀ fún ẹ̀jẹ́.

"Wọlé, ọmọ mi. Sún mọ́ mi, kí n rí ọ." Bàbá fi ojú òsì wò ó láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. "Ìwọ ni mo ń lé lọ tí n kò tiẹ̀ tíì rí dáadáa. Bó o bá fẹ́ ẹ, sùtánà rẹ̀ ńkọ́?"

"N kò ní bọ́ ọ lọ́rùn rẹ̀, bàbá. Inú rẹ̀ ni mo ti rí i."

Àpọ́sítélì mi orí. Ó gbé ọwọ́ lé ojú ọ̀tún, èyí tó ti kú.

"Mo búra pé ojú mi méjèèjì ò ní rí i. Ọ̀kan ti bá ìbúra yẹn lọ. Èyí tó kù yìí, Ọlọ́run ló dá a sí, ẹsẹ̀ rẹ ló sì rán sí mi." Ó fa ọwọ́ Ìmísí, ó fi lé ti Israfil. "Lọ sọ fún ìyá rẹ pé kí wọ́n máa bọ̀ ní Ọ̀yọ́ wá tọrọ ìyàwó. Kí ẹ má sì jẹ́ kó pẹ́ o. Ojú kan ni mo fẹ́ fi wò yín."