Kòkó Tí Ojú Rẹ̀ Nìkan Gbẹ

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan ní oṣù kọkànlá ọdún 1994, Dókítà Monílọ́lá Afọlábí ṣí àpótí tábìlì rẹ̀ ní ibùdó ìwádìí kékeré kan ní Odigbo, ó sì figbe ta. Dísíkẹ́ẹ̀tì méje tó kó iṣẹ́ ọdún mẹ́fà sí ti pòórá.

Inspẹ́kítọ̀ Pius Adédoyin ni wọ́n rán wá láti Ore. Alùpùpù ara rẹ̀ ló gùn, torí ọ̀sẹ̀ kejì rèé tí ọkọ̀ ọlọ́pàá ti ń wá epo bẹntiróò tì. Ọlọ́run ló ṣe é tó jẹ́ òun ni wọ́n rán. Ọmọ àgbẹ̀ kòkó ni, àwa ará abúlé Omifunfun ò sì ní gbàgbé ọjọ́ náà láé.

Ó yẹ yàrá náà wò. Wọn ò já ilẹ̀kùn. Kọ̀ǹpútà wà níbẹ̀. Ìwé ìṣirò kan tí wọ́n ti tẹ̀ jáde wà lórí tábìlì. Lórí pẹpẹ, ìwé àkọsílẹ̀ mọ́kànlá tí èèpo wọn bára mu tò, àyè ẹyọ kan sì ṣófo láàárín wọn.

"Kí ló wà nínú dísíkẹ́ẹ̀tì yẹn, mà?"

"Ètò ìṣirò tí mo kọ fúnra mi ni. Orúkọ tí mo sọ ọ́ ni Lọ́kọ̀ọ̀kan. Tí ẹ bá da kòkó sínú àká, á máa tẹ̀ lé ẹyọ kọ̀ọ̀kan: èyí tó ta lu èkejì, èyí tó yọ̀, èyí tó ń ti ògiri. Ó ń ṣe é fún epo pupa náà, ẹ̀kán kan lẹ́yìn ẹ̀kán kan."

"Ta ló máa pa lára tí a ò bá rí i?"

Ohùn obìnrin náà wálẹ̀. "Àwọn ará Omifunfun. Lọ́la ni wọ́n fẹ́ da kòkó kún àká gogoro tuntun wọn. Lọ́kọ̀ọ̀kan ló ti sọ fún wa pé ògiri rẹ̀ á dúró, ìwé rẹ̀ ló wà lórí tábìlì yẹn. Ṣùgbọ́n láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá lọkàn mi ò ti balẹ̀. Òní ni mo fẹ́ tún ìṣirò náà ṣe. Tí ògiri yẹn bá bẹ́, àwọn obìnrin tó ń di àpò nísàlẹ̀ ni kòkó máa bò mọ́lẹ̀."

"Ẹ ní kí wọ́n dúró ná."

"Mo bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní ìwé mi ló ní kò séwu, kí n mú òmíràn wá. Kòkó ti kún yàrá wọn débi pé ìta làwọn ọmọ ń sùn."

Ẹni mẹ́ta ló ní kọ́kọ́rọ́: Dókítà, Victor tó jẹ́ igbákejì rẹ̀, àti Zachariah ọlọ́dẹ, ẹni tó wá láti Bẹ́núè wá dáko kòkó.

"Ọ̀gá," Zachariah wí, "wọ́n ní àlejò lójú, kò fi ríran. Èmi lójú, n kò fi kàwé. Kí ni mo fẹ́ fi ìwé ṣe?"

Elisha tó kọ́ àká náà ò tilẹ̀ jẹ́ kí wọ́n béèrè tán. "Bí ìwé Dókítà ṣe wí ni mo ṣe kọ́ ọ. Títílọpẹ́ ọmọ mi wà lára àwọn tó máa di àpò lọ́la. Tí ìṣirò míì bá wà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe é!"

Victor náà fèsì. "Ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, sà. N kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀."

"Ìwé wo ló kúrò lórí pẹpẹ yìí?"

Dókítà ló dáhùn. "Ìwé tí Victor kọ ìwọ̀n kòkó sí ni. Ọ̀dọ̀ Màmá Fọlákẹ́ ní Omifunfun ló ti wọn bí òkìtì kòkó gbígbẹ ṣe ń ga tó, òun la sì fi sínú Lọ́kọ̀ọ̀kan."

Inspẹ́kítọ̀ gun alùpùpù, ó di Omifunfun. Màmá Fọlákẹ́ wà lórí ẹní kòkó, ó ń fẹsẹ̀ yí i po.

"Ọmọ yẹn, Victor, wá," màmá náà wí. "Ó ní, 'Màmá, ṣé ó ti gbẹ?' Mo ní ó ti gbẹ. Ó wọ̀n ọ́n, ó dúpẹ́, ó lọ."

"Ọjọ́ mélòó ni kòkó náà ti lò lóòrùn nígbà yẹn, mà?"

"Ọjọ́ kejì ni."

"Ọjọ́ kejì! Ẹ wá ní ó gbẹ?"

"Ojú rẹ̀ gbẹ, ó tó fẹsẹ̀ yí. Ṣé mo ní ó tó tà ni? Ọmọ ta ni kò mọ̀ pé èèyàn á fọwọ́ fún kòkó, kó gbọ́ bó ṣe ń dún?"

Inspẹ́kítọ̀ rẹ́rìn-ín, ó dọ̀bálẹ̀ dúpẹ́, ó sì tọrọ abọ́ kòkó méjì: ọ̀kan ọlọ́jọ́ méjì, ọ̀kan tó gbẹ dénú.

Ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, gbogbo wọn pé sí ibùdó. Inspẹ́kítọ̀ da kòkó ọlọ́jọ́ méjì sórí tábìlì. Ó lẹ̀ mọ́ra, òkìtì rẹ̀ ga ṣóńṣó. Ó da èyí tó gbẹ dáadáa sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó ṣàn, ó tẹ́ rẹrẹ, díẹ̀ já bọ́ sílẹ̀.

"Dókítà, èwo ló wà nínú Lọ́kọ̀ọ̀kan?"

Dókítà tọ́ka sí òkìtì gíga náà. "Yéè! Èyí tó ń ṣàn yìí ló máa ti ògiri jù!"

"Olè yìí ò jí kọ̀ǹpútà," Inspẹ́kítọ̀ wí, "kì í ṣe ohun tó máa tà ló wá. Kò jí ìwé tó ní ògiri á dúró, kì í ṣe ìdáhùn ló ń bà á lẹ́rù. Ohun tí ẹ máa fi béèrè lẹ́ẹ̀kejì ló kó lọ, pẹ̀lú ìwé kan ṣoṣo nínú méjìlá tó jọra. Zachariah ò mọ̀wé. Elisha ò ní kọ́kọ́rọ́, ọmọ rẹ̀ ló sì máa wà lábẹ́ ògiri. Victor, ìwọ lo mọ ìwé tó o fọwọ́ ara rẹ kọ."

Victor wólẹ̀. "Ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn ni mo rí i tí wọ́n ń fọwọ́ fún kòkó lọ́jà Ago Alaye. Ìgbà yẹn ni mo mọ àṣìṣe mi. Wọ́n sì ti ní àwọn máa dín òṣìṣẹ́ kù ní Kérésì. Èmi nìkan ni ìyá mi àtàwọn àbúrò mi ń wò. Mo ní bóyá Ọlọ́run á ṣàánú, kí ògiri náà dúró."

"Ọlọ́run ti ṣàánú," ni Inspẹ́kítọ̀ wí. "Níbo ni dísíkẹ́ẹ̀tì náà wà?"

Inú agolo bísíkíìtì ní yàrá rẹ̀ ni wọ́n ti bá dísíkẹ́ẹ̀tì méjèèje àti ìwé náà. Kò síná, jẹnẹrétọ̀ sì gbẹ táútáú. Inspẹ́kítọ̀ bá fi rọ́bà fa epo inú alùpùpù rẹ̀ tán sí i. Wọ́n fi ìwọ̀n kòkó tó gbẹ dáadáa sínú Lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì jókòó. Àwọn rìbìtì kéékèèké ń rọ̀ lójú kọ̀ǹpútà, wọ́n ń ga sí i. Kí àká tó kún dé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, ìdí ògiri inú kọ̀ǹpútà là.

Elisha ṣí fìlà. "Ọlọ́run, o ṣeun. Títí, ọmọ mi!" Ó ní òun á fi ọ̀já irin di àká náà yí ká kí ẹnikẹ́ni tó da ẹyọ kòkó kan sí i. Dókítà tẹ ìdáhùn tuntun náà jáde sínú ìwé, ó gun ọ̀kadà, ó di Omifunfun. Ẹkún ayọ̀ la sun lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ọlọ́pàá àti ẹni tó mú ló jọ ti alùpùpù gbígbẹ náà gba ọ̀nà Ore. Wọ́n rìn títí kí Victor tó lanu.

"Ẹ ṣeun, sà."

"Èmi tí mo mú ọ?"

"Òní lẹ mú mi, sà. Ká ní ọ̀túnla ni, lẹ́yìn tí ògiri ti bẹ́ ńkọ́?"

Inspẹ́kítọ̀ sún díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ alùpùpù kí ọmọ náà lè rí ibi di mú dáadáa.