Ẹ̀jẹ̀ Tó Gba Rùkáyátù Là

"Àǹtí Rùká, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n lọ gbá bọ́ọ̀lù. Ẹ má sọ fún Màámi."

Òjò ti ṣú sórí ìlú Akanran. Rùkáyátù mọ̀ pé òtútù kò gbọdọ̀ mú Mahfuz, àbúrò rẹ̀, nítorí ẹ̀jẹ̀ SS ló ní. Òun fúnra rẹ̀ jẹ́ AS, bíi bàbá àti ìyá wọn. Ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ká ọmọ náà lọ́wọ́ kò. Àánú rẹ̀ ṣe é.

"Tètè dé o," ló wí.

Òjò ká Mahfuz mọ́ pápá. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló gbé e wálé, ó di itan mú, ó ń ké pé, "Màámi, ẹ bá mi gé e kúrò!" Omi gbígbóná kò ràn án, oògùn kò ràn án. Wọ́n sáré gbé e lọ sí ọsibítù.

Lọ́jọ́ kejì, ní kíláàsì bàọ́lọ́jì, Ọ̀gbẹ́ni Oyèkúnlé da ẹ̀wà funfun púpọ̀ àti pupa díẹ̀ pọ̀ sínú ike, ó ní kí wọ́n dijú, kí wọ́n máa mú un ní méjì méjì.

"Ọ̀kan ti bàbá, ọ̀kan ti ìyá. Funfun méjì ni AA. Funfun kan, pupa kan, AS nìyẹn. Pupa méjì ni SS. Ẹ dá gbogbo rẹ̀ padà, kí ẹ tún mú un. Iye pupa inú ike kò yí padà. Bẹ́ẹ̀ ló ń rí láàrin ìlú, láti ìran dé ìran."

Rùkáyátù nawọ́. "Sà, àwọn SS mà ń kú. Kí ló dé tí pupa ò tán?"

"Ibà ni. Pupa kan ṣoṣo máa ń gba ọmọdé lọ́wọ́ ibà tó le. Bí àìsàn ṣe ń mú pupa lọ, bẹ́ẹ̀ ni ibà ń pa nínú àwọn AA. Ìyẹn ni kò jẹ́ kó tán."

Ọkàn Rùkáyátù gbọgbẹ́. Ó rántí ibà tó pa Zubaidah, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, nígbà tí wọ́n wà ní kékeré. Ibà yẹn mú òun náà, òun sì yè é. Ohun tó gba òun là ló wá ń jẹ eegun àbúrò òun yìí. Ta ni kí òun bínú sí?

Nígbà tó dé ọsibítù, dókítà ti sọ fún ìyá rẹ̀ pé ẹ̀jẹ̀ kò dé eegun itan Mahfuz dáadáa, pé ó ti ń bàjẹ́, pé bóyá ni yóò tún lè sáré. Rùkáyátù kúnlẹ̀.

"Màámi, èmi ni mo jẹ́ kó jáde."

Ìyá rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Àbámọ̀ ló ń gbẹ̀yìn ọ̀ràn, ọmọ mi. Ẹ̀bi tiwa ṣáájú tìẹ. Kò sẹ́ni tó yẹ ẹ̀jẹ̀ wa wò kí wọ́n tó so yìgì wa. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Ìwọ ti mọ ẹ̀jẹ̀ tìẹ. Kí o tó dá ọkùnrin kankan lóhùn, béèrè ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Bí dókítà bá sì ní kí aláìsàn má ṣe nǹkan, má fi àánú gbà á láyè."

Mahfuz tún figbe ta. Àwọn méjèèjì dìde, wọ́n gbé ọwọ́ lé e lára, wọn ò sì mọ ohun mìíràn tí wọ́n lè ṣe.