Ọtí Tó Kan Lọ́jọ́ Àlàáfíà

Ọjọ́ tí àwọn ọmọ ogun ìlú ti ojú ogun padà wọ̀lú, tí ọba méjì fẹ́ jọ mutí kí ogun lè parí, ni ọtí ààfin bàjẹ́ lọ́wọ́ ìyàwó kan.

Ìyá ọkọ rẹ̀ ló ń pọn ọtí ọkà fún ọba. Nínú yàrá ẹ̀yìn, ìkòkò ńláńlá jókòó sínú iyanrìn tútù, aṣọ rírin wé wọn lára. Ẹ̀ẹ̀rùn mú gan-an. Kí ìyá tó gba ààfin lọ láàárọ̀ láti fọ àwọn ife, ó ní:

"Ìyàwó mi, má jẹ́ kí aṣọ yìí gbẹ o. Bí ooru bá fi lè wọnú ọtí, ó ti kan nìyẹn."

"Mo gbọ́, Màámi."

Ó gbọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí fèrè ogun dún lẹ́nu bodè, ọkàn rẹ̀ ò sí nílé mọ́. Ó ju igbá omi sílẹ̀, ó sáré jáde. Ó ń wo ojú ọkùnrin kọ̀ọ̀kan tó ń kọjá, ẹ̀wù yíya, eruku dé ìpéǹpéjú, títí oòrùn fi ń wọ̀, kí ọkọ rẹ̀ tó yọ, tó ń tiro bọ̀. Wọ́n dì mọ́ra, wọ́n sunkún.

Nígbà tó padà délé, aṣọ ti gbẹ táútáú. Ara ìkòkò gbóná bí ara ẹni tí ibà ń ṣe. Àwọn ìránṣẹ́ ààfin sì ti dé láti wá gbé ọtí. Ó yà fún wọn, ó sì tẹ̀ lé wọn lọ sí ààfin.

Ọba àlejò tọ́ ọ wò, ó tu ú sílẹ̀.

"Ṣé ọtí kíkan lẹ fi ń bẹ̀ wá?"

Àwọn ìjòyè dìde, ọwọ́ ti ń lọ sídìí idà. Ìyá arúgbó kúnlẹ̀ gbì.

"Kábíyèsí, ẹ ṣàánú mi. Ọwọ́ mi ló ti darúgbó."

Wọ́n dárí jì í, àlàáfíà dúró, ṣùgbọ́n wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún ilé mìíràn. Ìyàwó dúró lẹ́yìn ìyá níbẹ̀, kò sọ nǹkan kan.

Nígbà tí wọ́n délé, ìyá na ọ̀pá ìro-ọtí sí i.

"Gbà, ìwọ ni kó máa pọntí nílé wa báyìí. Ọwọ́ tìrẹ ṣì lágbára."

Ibẹ̀ ni ìyàwó ti bú sẹ́kún. "Màámi, kì í ṣe ọwọ́ yín. Èmi ni mo fi aṣọ sílẹ̀ tó gbẹ. Ọmọ yín ni mo lọ wò."

Ìyá wo ọmọ rẹ̀ tó na ẹsẹ̀ sórí ẹní, ó ní:

"Ìyẹn ò dùn mí. Èmi náà ì bá lọ. Ṣùgbọ́n o dúró, o ń wò mí níbi tí mo kúnlẹ̀."

Ìlú méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í ná ọjà ara wọn. Nínú ilé náà, wọ́n ń kíra wọn láràárọ̀, wọ́n ń jẹun pọ̀. Ṣùgbọ́n títí ìyá fi kú, ìyàwó ò lè wò ó lójú mọ́.