Yàrá Tí Ẹnikẹ́ni Kò Sọ Lórúkọ

Ó ṣojú mi. N kò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Bí ẹ bá dé ọ́fíìsì wa ní Ìsìkàn, ní Àkúrẹ́, lónìí, kọ̀ǹpútà náà ṣì wà níbẹ̀, ó ṣì ń kùn.

Fọlárìn ni orúkọ mi. Iṣẹ́ wa ni pé à ń bá àwọn ilé ìwé tọ́jú èsì ìdánwò wọn sínú kọ̀ǹpútà ńlá kan. Ẹyọ kan ṣoṣo ni, ṣùgbọ́n a pín inú rẹ̀ sí yàrá yàrá. Ilé ìwé kọ̀ọ̀kan ló ní yàrá tirẹ̀. Ohun tó wà nínú yàrá kan kò lè rí èkejì. Kò tilẹ̀ mọ̀ pé ẹlòmíràn ń gbé inú ilé kan náà. Bí a bá ṣí yàrá tuntun, kọ̀ǹpútà á fún un ní nọ́ńbà, àwa á sì sọ ọ́ lórúkọ. Orúkọ yẹn la fi ń dá a mọ̀.

Monílọ́lá, tó jẹ́ àbúrò fún mi lẹ́nu iṣẹ́, ló ń sọ wọ́n lórúkọ. Orúkọ igi ló fẹ́ràn: iroko, arere, ayunre. Láìsí àmì ohùn ló ń tẹ̀ wọ́n, nítorí kọ̀ǹpútà náà kì í gba àmì kankan nínú orúkọ yàrá. Bí o bá fi sí i, á kọ̀ ọ́.

Ó lóyún nígbà náà. Ó ti ń wá ọmọ tipẹ́. Ìkúnlẹ̀ rẹ̀ ti ń sún mọ́.

Ọ̀sán ni. Òjò ń rọ̀ sórí páànù. Wọ́n ti mú iná lọ, bátìrì ló gbé kọ̀ǹpútà dúró.

"Ẹ̀gbọ́n," ni Monílọ́lá pè mí, "ṣé ẹ̀yin lẹ ṣí yàrá yìí?"

Mo sún mọ́ ọn. Láàárín àwọn orúkọ igi, mo rí ọ̀kan tí kì í ṣe ti igi.

Olúwatúnmiṣe.

Àmì orí rẹ̀ pé. Àmì abẹ́ rẹ̀ pé.

"Èmi kọ́," ni mo wí.

Ó gbé ọwọ́ lé ikùn.

"Orúkọ tí mo fẹ́ sọ ọmọ mi nìyẹn." Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "N kò tíì fẹnu pè é rí. Ọkọ mi pàápàá kò mọ̀."

A wá ẹni tó ṣí i. A kò rí ipasẹ̀ ẹnikẹ́ni. Kò sí èsì ìdánwò nínú rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, n kò mọ ohun náà. Ìlà tó fi í hàn lójú kọ̀ǹpútà á gòkè, á sọ̀kalẹ̀, á tún gòkè. Ó ń ṣe bí èémí.

Ìyáàfin Oríọlá, ọ̀gá wa, yọ sí wa.

"Àwọn olè orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni," ó ní. "Ẹ pa á."

Mo pa á.

Kíkùn kọ̀ǹpútà náà rẹlẹ̀. Òjò nìkan là ń gbọ́. Monílọ́lá di etí tábìlì mú.

"Ẹ̀gbọ́n. Kò mira mọ́."

"Kí ni kò mira?"

Ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ wá ikùn rẹ̀ kiri, níhìn-ín, lọ́hùn-ún. Ìgbà náà ló yé mi. Ìyáàfin Oríọlá ti ń sáré pe ọkọ̀ tí yóò gbé e lọ sí ọsibítù. Ẹ̀rù bà mí débi pé n kò lè wo ojú Monílọ́lá, kọ̀ǹpútà ni mo ń wò.

Yàrá náà ti padà. N kò fọwọ́ kan nǹkan kan. Nọ́ńbà rẹ̀ yàtọ̀, ṣùgbọ́n orúkọ kan náà ni, tòun ti gbogbo àmì rẹ̀. Ìlà náà gòkè.

Monílọ́lá mí kanlẹ̀.

"Ó ti tàpá," ó ní. Ó bú sẹ́kún.

Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó dán an wò láti pa á mọ́. Ìyáàfin Oríọlá ra bátìrì tuntun kún ti àtijọ́. Kò sọ ìdí.

Ilé ìyá ọkọ rẹ̀ ní ìlú Oǹdó ni Monílọ́lá lọ bímọ sí. Obìnrin ló bí. Ó ti sọ fún mi lórí fóònù pé òun kò ní sọ ọmọ náà ní orúkọ yẹn láéláé. Mo lọ síbi ìkómọ. Àlùfáà gbé ọmọ sókè, ó pè é ní Goodness Adépéjú. Gbogbo wa ṣe àmín.

Ìyá ọkọ rẹ̀, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, gba ọmọ náà mọ́ra. Ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ọmọ mi, wo ọmọ yìí," ó ní. "Kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Ikùn ìyá rẹ̀ ló ń wò ṣáá."

Mo rẹ́rìn-ín. Ìyá àgbà náà kò rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí mo padà sẹ́nu iṣẹ́, mo rò pé yàrá náà yóò ti pòórá. Ó wà níbẹ̀. Ìlà rẹ̀ ti ń yára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Mo pe Monílọ́lá.

"Goodness ńkọ́?"

"Ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń sùn. Ara rẹ̀ le. Ẹ̀gbọ́n, ṣé yàrá yẹn ṣì wà?"

Ó wù mí kí n purọ́.

"Ó wà," ni mo wí.

"Wọ́n yẹ̀ mí wò ní ọsibítù láàárọ̀ yìí. Wọ́n ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Wọ́n ní inú mi ti ṣófo."

"Ẹ ṣeun, Olúwa."

"Ẹ̀gbọ́n." Díẹ̀ ló kù kí n má gbọ́ ọ. "Nǹkan kan ṣì ń tàpá nínú mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n pa á."