Mítà Tó Fọ́ àti Búrẹ́dì Tí Kò Jinná

Kì í ṣe ojoojúmọ́ ni èèyàn ń fi òòlù lu mítà pa. Ìdí nìyí tí Ìnsípẹ́kítọ̀ fi gun òkè náà tẹ̀ríntẹ̀rín láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, tó mú gúgúrú dání bí ẹni tó ń lọ wo eré. Má-kánjú ni wọ́n ń pè é ní àgọ́ ọlọ́pàá, torí pé obìnrin náà kì í sáré, kì í pariwo, síbẹ̀ olè tó bá ti kó sọ́wọ́ rẹ̀ kò tíì bọ́ rí.

Ilé mítà náà kò ju yàrá ìwẹ̀ lọ. Ẹ̀yìn òpópónà àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ló wà, lórí òkè kan tó ga fíofío, níbi tí páìpù ńlá tó ń gbé gáàsì bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn ti ń wọ ìlú. Ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu. Àgádágodo tí wọ́n fi ayùn rẹ́ wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Nínú ilé, ojú mítà tó ń sọ iye gáàsì tó ń wọlé ti rún wómúwómú, òòlù sì sùn sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ọ̀dọ́bìnrin kan jókòó sórí òkúta níta, ó fọwọ́ lẹ́rán. Akọ̀wé gáàsì ni, láti ọ́fíìsì ìṣirò ìjọba. Òun ló kọ́kọ́ débẹ̀ ní aago méje, òun náà ló sì pe ọlọ́pàá.

"Káàárọ̀, ọmọ mi. Kí lo wá ṣe níbí ní kùtù òwúrọ̀?"

"Ẹ káàárọ̀ mà. Òní la fẹ́ yẹ mítà wò. Ọdọọdún la máa ń gbé mítà mìíràn wá, a ó so ó mọ́ èyí, ká lè mọ̀ bóyá òótọ́ ló ń sọ."

"Mítà náà ń purọ́ ni?"

"Ẹnì kan ń purọ́ mà." Ó nu imú. "Iṣẹ́ tèmi ni kí n mọ iye gáàsì tó wọ ìlú yìí àti iye tí wọ́n jó. Bàbá Onímítà ló ń ka èyí tó wọlé, wọ́n á sì sọ ọ́ fún mi lórí fóònù láràárọ̀. Àwọn tó ń jó o, alábúrẹ́dì, alágbàfọ̀ àti àwọn yòókù, àwọn náà á sọ tiwọn. Méjèèjì gbọ́dọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bára dọ́gba, àfi díẹ̀ tó bá jò lọ́nà. Màá wá fi í ránṣẹ́ sí olú-iléeṣẹ́, wọ́n á rò ó mọ́ ti àwọn ìlú tó kù. Bí ìjọba ṣe ń mọ iye gáàsì tá a ní àti iye tá à ń lò nìyẹn."

"Ó yé mi. Ibo ni wàhálà wà?"

"Láti bí ọdún kan, méjèèjì ò bára mu mọ́. Ti àwọn tó ń jó o ń lọ sókè, ó ń wá sílẹ̀, bó ṣe yẹ kó rí. Nígbà òtútù, àwọn èèyàn á jó o sí i. Àmọ́ èyí tó ń wọlé ò mira rárá. Èmi ni mo ní ká wá yẹ mítà wò."

"Kí ni ọ̀gá rẹ wí sí i?"

Omi lé ròrò sójú akọ̀wé. "Wọ́n ní èmi ni mi ò mọ ìṣirò. Wọ́n ní èmi ni mo fọ́ mítà kí àṣírí mi má bàa tú. Tó bá fi di ìrọ̀lẹ́ tí ẹ ò rí ẹlòmíràn mú, wọ́n máa lé mi lẹ́nu iṣẹ́. Màmá mi sì ti sọ fún gbogbo àdúgbò pé ọmọ àwọn ló ń ka gáàsì gbogbo orílẹ̀-èdè."

"Gbogbo orílẹ̀-èdè kẹ̀?"

"Mo sọ fún wọn pé ti ìlú yìí nìkan ni. Wọn ò gbọ́."

Ìnsípẹ́kítọ̀ rẹ́rìn-ín, ó bu gúgúrú fún un. Lẹ́yìn náà ló na imú sókè, ó fa atẹ́gùn símú. "Wọ́n fi òòlù gbá páìpù tó gbé gáàsì odidi ìlú, mi ò sì gbóòórùn nǹkan kan."

"Ẹ̀rọ ìdènà ni mà. Ó wà nísàlẹ̀ ibẹ̀ yẹn. Bí nǹkan bá gbá mítà, á ti gáàsì pa lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ọjọ́ tá a wá yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dún tó kọjá la fi í sí i."

"Bàbá Onímítà mọ̀ nípa ẹ̀?"

"Ara wọn ò yá lọ́jọ́ yẹn, wọn ò lè wá. Àmọ́ ojoojúmọ́ ni wọ́n ń wá síbí. Wọ́n á ti rí i."

Ìnsípẹ́kítọ̀ mú àgádágodo nílẹ̀. Ó gba kọ́kọ́rọ́ akọ̀wé, ó fẹ́ kì í bọ ihò rẹ̀, kò wọlé. Ó tún un tì, kò wọlé. Ó wo ihò náà dáadáa, ó sì ju àgádágodo sápò.

Ọ̀dọ̀ alágbàfọ̀ ló kọ́kọ́ yà sí, torí pé àwọn aládùúgbò ti ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ pé òun ló ń jí gáàsì jó. Obìnrin náà dúró láàárín aṣọ àwọn èèyàn.

"Wọ́n ní ẹ ò fẹ́ kí wọ́n yẹ mítà wò."

"Ta ló wí bẹ́ẹ̀? Ẹni tí ò jẹ gbì, kì í kú gbì! Mítà tèmi rèé lára ògiri, ẹ wá kà á. Ohun tó ń dùn mí ni pé mo ṣí ṣọ́ọ̀bù ní aago mẹ́jọ, mo ṣáná, kò ràn. Ẹ wo ṣẹ́ẹ̀tì tíṣà yìí, wọ́n ń dúró dè é nílé láìwọ aṣọ!"

"Kẹ́ ẹ tó ṣí ńkọ́?"

"Mò ń sùn ni, ọ̀gá. Ta ló ń fọṣọ lóru?"

Ìnsípẹ́kítọ̀ kí i kú iṣẹ́, ó sì gba ilé Bàbá Onímítà lọ. Ó bá bàbá náà lórí àga lọ́dẹ̀dẹ̀, ó na ẹsẹ̀ sórí àpótí, ó fi aṣọ wé orúnkún. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, gbogbo ìlú ló sì ń bọ̀wọ̀ fún un. Oṣù tó ń bọ̀ ni yóò fẹ̀yìn tì.

"Ẹ kú ìjókòó, Bàbá. Ìgbà wo lẹ ka mítà kẹ́yìn?"

"Àárọ̀ yìí náà ni, ní aago mẹ́fà. Ọjọ́ tiwa nínú iṣẹ́ gáàsì kì í parí láàárín òru bíi ti gbogbo èèyàn. Aago mẹ́fà òwúrọ̀ ló ń parí, ibẹ̀ náà ni òmíràn ti ń bẹ̀rẹ̀. Béèyàn ò bá kà á lásìkò yẹn, iye ọjọ́ náà ò pé. Mo gun òkè, mo fi kọ́kọ́rọ́ ṣílẹ̀kùn, mo kà á, mo tilẹ̀kùn padà. Nígbà tí mo délé ni mo pe akọ̀wé, mo sọ iye fún un. Ẹ bi í."

"Ó ti sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Mítà náà ò tíì fọ́ nígbà tẹ́ ẹ kà á?"

"Digbí ló wà! Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Ṣé èmi á wà níbẹ̀ kí wọ́n fọ́ ọ? Ẹ̀yìn tí mo kúrò ni, ẹni tó sì débẹ̀ lẹ́yìn mi, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni o."

Níta, ọ̀gá akọ̀wé ti ń dúró de Ìnsípẹ́kítọ̀, ayọ̀ sì ti kún ojú rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. "Ó ti yé yín báyìí? Láàárín aago mẹ́fà sí méje, akọ̀wé mi nìkan ló débẹ̀. Ṣé kí n kọ ìwé tí màá fi lé e lẹ́nu iṣẹ́?"

"Ẹ jẹ́ kí n jẹun ná," ni Má-kánjú wí.

Ebi ń pa á ní tòótọ́, gúgúrú ò kúkú yó èèyàn. Ó yà sí ilé búrẹ́dì, ó sì bá tọkọtaya tó ni ín lẹ́nu ìjà.

"Fọnfọn lo sùn!" ni ìyàwó ń pariwo.

"Mo ní mi ò sùn!"

"Ẹ dákun, ẹ ta búrẹ́dì kan fún mi," ni Ìnsípẹ́kítọ̀ bẹ̀ wọ́n.

"Kò sí búrẹ́dì mà," ni ìyàwó dáhùn. "Ẹ bi baálé mi ibi tó wà."

Alábúrẹ́dì fi hàn án. Ó tò lọ rẹrẹ lórí tábìlì, funfun báláú, ìkankan nínú wọn ò pọ́n. Ìnsípẹ́kítọ̀ fi ìka tẹ ọ̀kan, ìka náà sì rì wọlé.

"Aago márùn-ún ni mo máa ń kó o sínú ààrò," ni ọkùnrin náà wí tìtìjú-tìtìjú. "Mo kó o sí i, mo jókòó tì í, ojú mi là kedere. Àfi bí iná ṣe kú. Mo ṣáná sí i, kò ràn. Mo rò pé ààrò ló bàjẹ́, ni mo bá ń tú u. Ìyàwó mi dé, ó ní mo sùn ni mi ò ṣe tan iná."

"Ìgbà wo niná kú?"

"Mi ò wo aago. Àmọ́ mo ti tú ààrò dé ìdajì nígbà tí rédíò bẹ̀rẹ̀ ìròyìn aago mẹ́fà."

Inú Ìnsípẹ́kítọ̀ dùn débi pé ó sanwó búrẹ́dì tútù náà.

Kò pẹ́ tí gbogbo wọn fi pé sí ilé búrẹ́dì. Mọ́tò ọlọ́pàá ni Ìnsípẹ́kítọ̀ fi gbé Bàbá Onímítà wá, kó má bàa fẹsẹ̀ rìn. Akọ̀wé dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ń wo ọ̀gá rẹ̀, ọ̀gá rẹ̀ ń wo aago.

"Bàbá, ẹ tún un sọ kí wọ́n gbọ́. Ní aago mẹ́fà, báwo ni mítà ṣe wà?"

"Digbí ni. Mo lè búra."

Ìnsípẹ́kítọ̀ fa búrẹ́dì ya sí méjì. Inú rẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ ara bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pò ó. "Ẹni tó ṣe búrẹ́dì yìí kò sùn. Gáàsì ló kúrò nídìí ààrò rẹ̀, ó sì ti kúrò kí aago mẹ́fà tó lù. Nísàlẹ̀ mítà yín, ẹ̀rọ kan wà tó ń ti gáàsì pa lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tí wọ́n bá gbá a. Torí náà, mítà tẹ́ ẹ ní ẹ kà ní aago mẹ́fà, ó ti fọ́ kó tó dìgbà yẹn."

"Ṣé ìwọ náà gbọ́?" ni alábúrẹ́dì sọ fún ìyàwó rẹ̀. "Mi ò sùn!"

"Ẹ̀rọ wo?" Ohùn Bàbá Onímítà ti lọ sílẹ̀.

"Ẹ ò mọ̀ ọ́n, Bàbá, bẹ́ẹ̀ ó ti wà níbẹ̀ láti ọdún tó kọjá. Ohun tó kọ́kọ́ jẹ́ kára fu mí rèé." Ó yọ àgádágodo lápò. "Èyí tẹ́ ẹ ní ẹ̀ ń ṣí láràárọ̀ rèé. Ẹ fi kọ́kọ́rọ́ yín sí i."

Bàbá gbìyànjú rẹ̀, kò wọlé. Ìpẹtà odidi ìgbà òjò kan ti dí ihò náà pa.

"Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ á bá a," ni Ìnsípẹ́kítọ̀ wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Ẹ ò ka mítà yẹn láti ọdún kan. Orí àga lẹ ti ń sọ iye tó bá wù yín. Ìdí tí tiyín ò fi mira nìyẹn, nígbà tí tàwọn tó ń jó o ń lọ tó ń bọ̀. Tí wọ́n bá yẹ mítà wò, àṣírí tú. Lẹ bá fọ́ ọ. Ẹ fi ayùn rẹ́ àgádágodo kó lè jọ iṣẹ́ olè, àti pé kọ́kọ́rọ́ tiyín náà ò wọ̀ ọ́ mọ́."

Bàbá Onímítà gbé ọwọ́ lé orúnkún.

"Ẹsẹ̀ yìí ni. Lọ́jọ́ kan, mi ò lè gun òkè, mo bá fi iye àná sọ tòní. Kò sẹ́ni tó bi mí. Mo tún ṣe é lọ́jọ́ kejì. Ìtìjú ò wá jẹ́ kí n lè sọ̀rọ̀ mọ́, ó sì ku oṣù kan péré kí n fẹ̀yìn tì."

"Báwo lẹ ṣe wá gun òkè lónìí?"

"Ìdí ni mo fi wọ́ dé òkè, ọ̀gá. Òkùnkùn ṣì kùn nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀."

Alágbàfọ̀ ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó sì yára bo ẹnu. Àmọ́ akọ̀wé kò rẹ́rìn-ín. Inú bí i, àánú sì ṣe é, méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà.

"Bàbá, ẹ fẹ́ kí wọ́n lé mi lẹ́nu iṣẹ́ nítorí orúnkún? Ìdí òkè yẹn ni mò ń gbà lọ sọ́fíìsì láràárọ̀. Ká ní ẹ sọ fún mi ni, ǹ bá máa bá yín kà á."

Ìgbà yẹn ni bàbá náà sunkún.

Ọ̀gá akọ̀wé wúkọ́. Kò rí ibi gbójú sí. "Ó dáa. Iye tó wọlé lọ́dún yìí ńkọ́? A lè fojú díwọ̀n rẹ̀, ká kàn..."

"Rárá, sà," ni akọ̀wé wí. "Màá kọ ọ́ síbẹ̀ pé a ò mọ̀."

"Òótọ́ àkọ́kọ́ tó máa jáde lórí òkè yẹn láti ọdún kan nìyẹn," ni Ìnsípẹ́kítọ̀ wí. Ó di Bàbá lápá mú, ó sì ṣílẹ̀kùn iwájú mọ́tò fún un kó lè na ẹsẹ̀.

Fóònù akọ̀wé dún. Gbogbo wọn ló gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀, torí ìyá náà kì í sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́.

"Rárá o, Màmá, wọn ò lé mi. Iṣẹ́ ṣì wà lọ́wọ́ mi." Ó fetí sí ìyá rẹ̀, ó sì bú sẹ́rìn-ín pẹ̀lú omi lójú. "Màmá, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn mọ́. Ti ìlú yìí nìkan ni, tọdún yìí gan-an, a ò mọ̀ ọ́n."