Ẹ̀dọ̀ Kò Mọ Irọ́ Pa

"Ta ló ń fún aláìsàn yìí lóúnjẹ?"

Ohùn oníṣẹ́ abẹ náà ló kọ́kọ́ jáde, kí òun fúnra rẹ̀ tó yọ lẹ́nu ọ̀nà. Wákàtí méjì ló ní iṣẹ́ náà yóò gbà. Ogójì ìṣẹ́jú kò tí ì pé. Jẹ́jẹ́, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tí ìyá rẹ̀ wà nínú yàrá iṣẹ́ abẹ, dìde fùú lórí bẹ́ǹṣì. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, tí gbogbo ẹbí ń pè ní Àǹtí Àgbà, kò mira.

Obìnrin ni oníṣẹ́ abẹ yìí. Ọwọ́-Ò-Gbọ̀n ni wọ́n ń pè é nílé ìwòsàn náà. Ọ̀nà ọ̀fun àti àpò oúnjẹ inú ikùn ló ń tún ṣe, òun ló sì ń gé àpò oúnjẹ kù fún àwọn tí ìsanra fẹ́ pa. Aránṣọ ni ìyá Jẹ́jẹ́. Àtọ̀gbẹ ti mú un, orúnkún rẹ̀ kò gbé e mọ́, bó bá sì dùbúlẹ̀, mímí gan-an á di iṣẹ́. Odidi ọdún kan ló fi dúró kó tó kàn án.

"Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni mo ní kó fi mu omi ọbẹ̀ àti wàrà, kó máa fi ewébẹ̀ díẹ̀ sí i," ni Ọwọ́-Ò-Gbọ̀n wí. "Ẹ̀dọ̀ ló sùn lé àpò oúnjẹ lórí. Bí èèyàn ò bá jẹ ọ̀rá àti ohun dídùn, á súnkì, á ṣeé gbé sókè. Mo lu ihò kéékèèké mẹ́rin báyìí, mo ki kámẹ́rà bọ̀ ọ́, ẹ̀dọ̀ tó wú bíi tìmùtìmù ni mo bá pàdé! Bí mo bá fagbára gbé e, ẹ̀jẹ̀ ni yóò pa á. Ọwọ́ mi ò kan àpò oúnjẹ rẹ̀ rárá."

"Á à! O gé àbúrò mi lásán!" Àǹtí Àgbà fò sókè wàyí. "Iṣẹ́ ò yé ọ, o wá ń wá ẹni tí wàá di ẹ̀bi rù! Jẹ́jẹ́, ìwọ lò ń kọ oúnjẹ rẹ̀ sínú ìwé tí wọ́n fún wa níhìn-ín. Sọ fún un. Kí ni màmá ẹ ń jẹ?" Ó fi ìgúnpá gún ọmọ náà níhà.

Ẹ wo àgbàlagbà! Àbí ta ló ń gbé ẹran díndín àti búrẹ́dì olóyin wá lọ́sàn-án gangan bí kì í bá ṣe òun? "Èé ṣe tí wọ́n fi ní kí obìnrin abilékọ máa mu omi ọbẹ̀ bí ọmọ jòjòló tí ò léyín?" ló máa ń wí. Ìyá náà á jẹ, á nu ẹnu, á ní kí Jẹ́jẹ́ kọ "omi ọbẹ̀". Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ọmọ náà kọ̀. Wọ́n ní ọ̀dájú ni, wọ́n ní ó ń fi oúnjẹ du ìyá tó bí i. Ló bá kọ ọ́.

"Omi ọbẹ̀ nìkan ni, Mà," ni Jẹ́jẹ́ wí. Ilẹ̀ ló ń wò.

Ìbínú kúrò lójú oníṣẹ́ abẹ náà. Ìbẹ̀rù ló rọ́pò rẹ̀, èyí sì burú ju ìbínú lọ. "Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, àrùn mìíràn ń bẹ nínú ẹ̀dọ̀ náà tí mi ò mọ̀. A ò tí ì rán ojú ihò wọ̀nyẹn. Mo ní láti padà wọlé, kí n gé díẹ̀ lára ẹ̀dọ̀ náà fún àyẹ̀wò. Ó lè ṣẹ̀jẹ̀ o. Ẹ fọwọ́ síwèé."

Àǹtí Àgbà nawọ́ gba bírò! Kí irọ́ má baà tú, ó gbà kí wọ́n gé ẹ̀dọ̀ àbúrò rẹ̀.

Inú bí Jẹ́jẹ́ débi pé ó gbàgbé ìbẹ̀rù. Ó já bírò náà gbà. "Ẹran díndín ni, Mà! Búrẹ́dì olóyin ni! Ọjọ́ mọ́kànlá nínú mẹ́rìnlá! Àǹtí Àgbà ló ń gbé e wá, Màámi ló ń jẹ ẹ́, èmi ni mò ń kọ irọ́ sínú ìwé!"

"Ẹlẹ́nu bí agogo!" Àǹtí Àgbà gbé báàgì rẹ̀, ó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Oníṣẹ́ abẹ náà ya ìwé tí wọ́n fẹ́ fọwọ́ sí náà sí méjì. "O ṣeun tó o sọ ọ́. Ṣùgbọ́n mò ń bínú sí ẹ, má tan ara rẹ. Ẹnìkan ń bẹ tí ọ̀fun rẹ̀ ń dí lọ, tí mi ò bá ti ṣe tirẹ̀ láàárọ̀ yìí. Àyè rẹ̀ lẹ fi ṣòfò. Ó di oṣù mẹ́rin kó tó tún kan màmá rẹ."

Nígbà tí ìyá náà lajú, tó gbọ́, ó pòṣé. "Ta ló ní kí o sọ? O dójú tì mí."

Jẹ́jẹ́ kò wolẹ̀ mọ́. "Màámi, ẹ̀mí yín lẹ gbé lé mi lọ́wọ́, ẹ wá ní kí n fi irọ́ bò ó. Bí ẹ bá kú lórí tábìlì yẹn ńkọ́? Kí lẹ fẹ́ kí n kọ?"

Omi lé ròrò sójú ìyá náà. Ó ní kí wọ́n pe Ọwọ́-Ò-Gbọ̀n wá. "Èmi ni mo fi ẹnu ara mi jẹ ẹ́," ló wí. "Ẹ má bá ọmọ wí mọ́."

"Ẹ̀yin gan-an ni mo fẹ́ bá wí," ni oníṣẹ́ abẹ náà dáhùn, ó sì fa àga jókòó tì í.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ bọ̀wọ̀ fágbà, ṣùgbọ́n ẹ má bá àgbà purọ́. Ẹni tó ní kí o tan oníṣègùn jẹ kò ṣàánú aláìsàn. Ìkà ló ń ṣe sí i. Ọjọ́ àkọ́kọ́ ni kí o sọ òtítọ́, nígbà tó jẹ́ èébú nìkan lo máa gbọ́. Jẹ́jẹ́ dúró di ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún: ojú ọgbẹ́ mẹ́rin tí kò wúlò ló wà níkùn ìyá rẹ̀, oṣù mẹ́rin ìrora sì ń bẹ níwájú.